Ẹ̀ṣọ́ Tí Ń Jólé: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ikọ́ Fée àti Èéfín Ọ̀tà

Mo júbà ẹ̀yin ìyá wa, nítorí wọ́n ní ẹni tí ó bá dìde sọ̀rọ̀ ní Ọ̀tà láìjúbà ìyá, ohùn a máa há olúwarẹ̀ lọ́fun, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀fun tí ó há gan-an ni mo bá wá.

Ọ̀tà Ìgànmọdé, ìlú àgbà, ìlú agbẹ́gilére tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ń jó lórí onígẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹ̀yin ni ẹ ń sọ fún wa pé àwo ni Ògúnfúnminíre tẹ̀lé láti Ifẹ̀, àwo tí ń léfòó lórí omi títí ó fi dé Ìṣẹrí tí ó rì, tí "àwo ti rì" fi di Àwórì mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lára. Ìtàn yìí a máa sọ sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá dúró níwájú alápatà ní ọjà Sàngó, tí mo rí fùkù màlúù lórí tábìlì rẹ̀. Ẹ ju ẹ̀dọ̀ sínú omi, yóò rì. Ẹ ju kíndìnrín sí i, yóò rì. Ẹ ju fùkù sí i, yóò léfòó bí àwo Ògúnfúnminíre kí ó tó dé Ìṣẹrí, nítorí pé afẹ́fẹ́ ni ó kún inú rẹ̀. Fùkù tiwa, èyí tí àwọn oníwèé ń pè ní ẹ̀dọ̀fóró, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, àti ohun tí í mú un fẹ́ rì nínú ẹni tí ó ṣì ń rìn lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Nígbà tí alásímà, ìyẹn ẹni tí ikọ́ fée ń bá jà, bá ta jí láàárín òru, tí ó jókòó, tí ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú, tí èjìká rẹ̀ ń gòkè tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, tí àyà rẹ̀ ń fọn bí fèrè tí ọmọdé ń kọ́ fífọn, ta ni ó fún un lọ́rùn? Àwọn kan á ní eruku ni, àwọn kan á ní òtútù ni, àwọn kan á ní ayé ni. Ìdáhùn tèmi, tí n ó sì máa padà sí títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n sórí, ni pé ẹ̀ṣọ́ ilé ni. Àwọn tí Ẹlẹ́dàá fi ṣọ́ ọ̀nà èémí ni ó ń dáná sí ọ̀nà náà, tí wọ́n rò pé ọ̀tá ni àwọn ń sun. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. N kò mọ òwe tí ó bá ikọ́ fée mu tó èyí.

Ìkínní: orúkọ àìsàn náà, àti ilé tí ó ń bá jà

Yorùbá kì í fúnni lórúkọ láìnídìí. Fée ni ìró tí àyà ń dún nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń wá ọ̀nà jáde níbi tí ọ̀nà ti há, ìró náà ni a sì fi pe àìsàn náà ní ikọ́ fée. Létí ẹni tí kò fara balẹ̀, orúkọ yìí jọ ti ikọ́ ife, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, ìjọra orúkọ yìí sì ti fi ìyà jẹ ọ̀pọ̀ aláìṣẹ̀. Ikọ́ ife ní kòkòrò tirẹ̀, èyí tí Robert Koch fi han aráyé ní 1882, ó sì ń ran ẹlòmíràn láti inú atẹ́gùn tí aláìsàn bá hú. Ikọ́ fée kò ní kòkòrò tí ń ràn. Síbẹ̀ mo mọ agbo ilé tí a ti ya kọ́ọ̀bù ìyàwó sọ́tọ̀, tí a kì í jẹ́ kí ó gbé ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀ pọ̀n, nítorí pé ó ń mí fée-fée. Èmi tí ẹ ń wò yìí, láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ti ń bá a yí, ìyá mi kò sì ya kọ́ọ̀bù mi sọ́tọ̀ rí. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un.

Ẹ tún wo bí èdè wa ti so èémí pọ̀ mọ́ ẹ̀mí, tí àwọn méjèèjì ti inú ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà jáde, èyíinì ni "mí". Ènìyàn ń mí ní nǹkan bí ìgbà 20,000 lóòjọ́, kò sì sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí ó ń kà, àfi alásímà. Òun nìkan ni ó mọ iye tí ọ̀kan ń ná an.

Ilé tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ dà bí igi tí a dorí rẹ̀ kodò. Ìtì rẹ̀ ni ọ̀nà tí ó ti ọ̀fun sọ̀ kalẹ̀, ó pín sí ẹ̀ka méjì, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tún pín, ó ń pín bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 23 kí ó tó dé orí àwọn ewé rẹ̀, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ tí iye wọn ju mílíọ̀nù 300 lọ. Ní ara àwọn ẹ̀ka ni ìjàǹbá ikọ́ fée ti ń ṣẹlẹ̀. Iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yí ẹ̀ka ká a fún un pọ̀ bí ìgbà tí a fa okùn ẹnu àpò. Awọ inú rẹ̀ a wú. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ a sì dí ìwọ̀nba ihò tí ó ṣẹ́ kù. Fífún, wíwú, àti dídí: bí ẹnikẹ́ni bá bi yín ní ohun tí ikọ́ fée jẹ́, ẹ dá a lóhùn bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi kún un pé ó ń wá, ó sì ń lọ, nítorí pé ohun tí ó bá há tí kì í là mọ́, àìsàn mìíràn ni. Ìwádìí kan tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà, tí a tẹ̀ jáde ní 2019, fojú díwọ̀n àwọn tí ó ní i láàárín wa sí nǹkan bí mílíọ̀nù 13.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fífún ni gbogbo ayé mọ̀, nítorí òun ni ó ń dẹ́rù bani. Ṣùgbọ́n ta ni ó pàṣẹ fún iṣan náà pé kí ó fún? Ta ni ó wú awọ náà?

Ìkejì: àwọn ẹ̀ṣọ́, oníbodè, àti àrokò

Ní 1879, ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Jámánì, Paul Ehrlich, ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn aláró Abẹ́òkúta ìbá yà dúró wò. Ó ń pa ẹ̀jẹ̀ láró. Ó ṣe àkíyèsí pé bí aṣọ kò ti í mu aró bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ kì í mu ún bákan náà: òmíràn kọ aró pupa, òmíràn sì wà tí hóró inú rẹ̀ mu aró pupa náà yó tí ó pọ́n bí ojú ọ̀run ìdájí. Eosin ni orúkọ aró náà, eosinophil ni ó sì sọ ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀; n ó máa pè é ní alárópupa. Ní ọdún kan ṣáájú èyí ni ó ti rí òmíràn tí inú rẹ̀ kún fún hóró tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rò pé a bọ́ ọ ní àbọ́jù ni, ó sì fún un ní orúkọ tí ó tan mọ́ àsanra ní èdè Jámánì, mast cell. Oníbodè ni n ó pe èyíinì, nítorí ẹnu ibodè ara ni ó máa ń jókòó sí: abẹ́ awọ ara, inú imú, etí ọ̀nà èémí. Ẹ̀yin ará Sàngó kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí oníbodè. A ti wó tollgate àtijọ́ yín, orúkọ rẹ̀ kò wó; kọ́ńdọ́ ṣì ń fi ké sí èrò títí di òní.

Àwọn mìíràn wà nínú ẹgbẹ́ ogun yìí. Macrophage wà, agbálẹ̀ tí í gbé ìdọ̀tí mì. Neutrophil wà, jagunjagun tí í kọ́kọ́ dé ojú ìjà tí kì í sì í pẹ́ láyé. Àwọn balógun náà wà, T cell ni ìwé ń pè wọ́n, tí kì í fọwọ́ ara wọn jà, ṣùgbọ́n tí í fi àrokò ránṣẹ́. Àrokò ni mo sọ, n kò ṣe àsọdùn. Àwọn baba wa a máa fi owó ẹyọ tí a so pọ̀ ránṣẹ́ láti ìlú kan dé ìkejì, ẹni tí ó bá gbà á a sì mọ̀ bóyá ogun ni tàbí àlàáfíà. Bákan náà ni àwọn balógun ara ń tú èròjà wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀, tí sẹ́ẹ̀lì tí ó bá gbà á mọ ohun tí a ní kí ó ṣe. Èyí tí a ń pè ní interleukin-5 ń lọ tààrà sí mùdùnmúdùn inú egungun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ju ọ̀kan lọ: ẹ kó àwọn alárópupa jáde.

Kí ni iṣẹ́ àwọn alárópupa yìí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀? Aràn ni a fi wọ́n dẹ, àti àwọn kòkòrò ńlá mìíràn tí agbálẹ̀ kò lè gbé mì. Ohun ìjà wọn le, nítorí ọ̀tá tí ó le ni a rò nígbà tí a rọ ọ́ fún wọn. Nínú ara alásímà, wọ́n gbé ohun ìjà yìí kan náà ti ẹ̀gbin aáyán, wọ́n gbé e ti ìgbẹ́ kòkòrò aláìfojúrí tí ń gbé inú tìmùtìmù. Wọ́n rán ọmọ ogun lọ pa eṣinṣin, wọ́n kó ìbọn fún un.

Bí ìjà náà ti ń bẹ̀rẹ̀ rèé. Eruku aáyán wọlé. Oníbodè ti pàdé rẹ̀ rí, ó ní àmì tí ó fi dá a mọ̀, IgE ni orúkọ àmì náà, tí àwọn onímọ̀ ṣàwárí ní 1966 sí 1967. Lọ́gán ni ó tú gbogbo hóró inú rẹ̀ dà síta, histamine sì jáde láàárín wọn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ iṣan ti fún. Bí ó bá mọ bẹ́ẹ̀, ìbá rọrùn, nítorí láàárín wákàtí kan sí méjì ó ti lè dẹ̀. Ṣùgbọ́n àrokò ti lọ. Wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ lẹ́yìn èyí, nígbà tí ẹni náà ti gbàgbé pé òun fa eruku kankan símú, àwọn alárópupa á rọ́ dé, àwọn ni wọ́n sì ń mú wíwú àti dídí wá, ìjà kejì tí í pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí wákàtí mẹ́jọ yìí, nítorí ó ti tú ilé ká ní Ọ̀tà. Òṣìṣẹ́ kan ń po kẹ́míkà tí a fi ń ṣe fóòmù, tàbí ó ń fín ọ̀dà sára ọkọ̀. Isocyanate wà nínú àwọn nǹkan báwọ̀nyí, ó sì wà lára ohun tí a mọ̀ jù lọ lágbàáyé tí í fi ikọ́ fée ta òṣìṣẹ́ lọ́rẹ. Ìyẹ̀fun náà ń ṣe é fún oníbúrẹ́dì. Ní gbogbo ọ̀sán, ara òṣìṣẹ́ náà le koko. Ó jáde ní aago mẹ́rin, ó wọ mọ́tò ní Ojú Ọ̀rẹ́, ó délé, ó jẹun, ó sùn. Ní aago mọ́kànlá òru, àyà rẹ̀ dì. Òru sì ni ọ̀nà èémí gbogbo ènìyàn máa ń há díẹ̀ ju ti ọ̀sán lọ, tí èròjà tí ara fi ń rọ àwọn ẹ̀ṣọ́ lójú máa ń dín kù nínú ẹ̀jẹ̀. Kí ni ọkùnrin náà yóò rò? Ibi iṣẹ́ kò ṣe é ní nǹkan kan, ojú ara rẹ̀ ni ó fi rí i. Inú ilé ni ó ti ṣẹlẹ̀, ní òru, nínú ìlú tí gbogbo Yorùbá mọ̀ pé àwọn ìyá ni ó ni ín. Ẹ̀sùn di ti ìyá àgbà tí ó ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Mo ti rí ìyá àgbà tí a tìtorí èyí dá padà sí oko. Ẹ̀yin ìyá tí mo júbà, mo wá jẹ́rìí yín lónìí: ẹ̀ṣọ́ ilé ni, ilé náà sì ni àyà ọkùnrin náà fúnra rẹ̀.

Ìkẹta: iná tí wọ́n ń dá

Mo ti ń pe ohun ìjà wọn ní iná. Ó tó àkókò kí n sọ irú iná tí í ṣe. Ẹ bẹ iṣu, kí ẹ sì gbé e sílẹ̀, yóò dúdú. Ẹ da epo sí àwo tí kò ní ọmọrí fún oṣù mélòó kan. Yóò máa rùn. Ẹ fi àdá sílẹ̀ lóko, yóò dógùn-ún. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, èyí tí a kò lè wà láàyè láìsí i, ni ó ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara mọ bí a ti í gba ọ́síjìn yìí kí a pọ́n ọn, kí a sọ ọ́ di ohun tí í jó kíákíá: wọn a fi ẹ̀rọ kan tí ó wà lára wọn sọ ọ́ di superoxide, superoxide a di hydrogen peroxide, oògùn kan náà tí a fi ń fọ egbò tí ó ń hó yaya, tí àwọn obìnrin kan sì fi ń sọ irun di pupa. Neutrophil kò dúró níbẹ̀. Ó tún ń po èyí mọ́ iyọ̀ tí ó wà lára, tí ó fi di èròjà kan náà tí ó wà nínú bílíìṣì tí ẹ fi ń fọ aṣọ funfun. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ bá ti rọ bílíìṣì nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, ẹ mọ bí ó ti ń gba ni lọ́fun. Ẹ wá ro ó wò pé láti inú ọ̀fun gan-an ni a ti ń pò ó.

Ẹnìkan lè béèrè pé èé ṣe tí Ẹlẹ́dàá fi fún wọn ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nítorí pé láìsí i, a ó kú. Àwọn ọmọ kan wà, wọn kò pọ̀, tí a bí láìsí ẹ̀rọ tí í pọ́n ọ́síjìn yìí lára ẹ̀ṣọ́ wọn. Ẹ̀ṣọ́ wọn á gbé kòkòrò mì, kò ní lè pa á, ooju á sì máa yọ lára àwọn ọmọ náà léraléra, àwọn oníṣègùn tí ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe wọn láàárín 1950 sí 1960 kò rí ọgbọ́n kankan dá sí i. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé iná burú. Iná ìdáná kò burú. Ohun tí ó burú ni kí iná kọjá ààrò.

Ara mọ èyí, ó sì ti pọn omi sílẹ̀. Ní 1969, Joe McCord àti Irwin Fridovich ní Amẹ́ríkà ṣàwárí pé sẹ́ẹ̀lì ní panápaná tí í pa superoxide. Òmíràn wà tí í sọ hydrogen peroxide di omi lásán. Glutathione náà sì wà, tí ó kún inú omi tí ó tẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Níwọ̀n ìgbà tí iná àti omi bá dọ́gba, àlàáfíà ni. Nígbà tí iná bá pọ̀ ju omi lọ, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá tí a fi mọ ògiri sẹ́ẹ̀lì, èyí ni Helmut Sies, ará Jámánì, fún ní orúkọ oxidative stress ní 1985. Èmi a máa pè é ní ìdógùn-ún ara. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àfiwé lásán ni: ohun kan náà ni ó ń jẹ àdá lóko.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀ nínú àyà alásímà? Èémí rẹ̀ ni ó tú àṣírí. Bí a bá ní kí ó mí sínú ọ̀pá tútù tí èémí náà fi di ìrì, hydrogen peroxide inú ìrì náà a máa pọ̀ ju ti ẹni tí ara rẹ̀ dá lọ. Ní 1993 àwọn oníwádìí ní Sweden fi hàn pé nitric oxide náà ń pọ̀ nínú èémí alásímà, láti ìgbà náà ni a sì ti ń fi ìwọ̀n rẹ̀ mọ bí awọ inú ti gbóná tó. A tún wọn àwọn panápaná, a sì rí i pé agbára superoxide dismutase, ìyẹn panápaná McCord àti Fridovich, dín kù ní ọ̀nà èémí alásímà, nítorí pé iná náà ti ń jó panápaná fúnra rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ilé ń jó ilé, ó sì ti jó kọ̀ǹga mọ́ ọn.

Ìkẹrin: Ògún wọ inú ìjà

Títí di ìsinsìnyí, ohun tí mo sọ bá alásímà Lọ́ńdọ́ọ̀nù mu bí ó ti bá ti Ìjókò mu. Kí ni ti Ọ̀tà nínú rẹ̀?

Nígbà tí ilẹ̀ Èkó há, àwọn ilé iṣẹ́ tẹ̀ lé títì Èkó sí Abẹ́òkúta, wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sì gba ọ̀nà Ìdírókò lọ. Irin ni iṣẹ́ púpọ̀ nínú wọn. Àwọn ọmọ tí ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò tí wọ́n ń ké "irin kọ́ńdẹ́mù dà" ni wọ́n ń bọ́ iná náà: ẹ̀ńjìnnì àtijọ́, páànù, ọ̀pá, gbogbo rẹ̀ a wọ inú ààrò, a yọ́, a di irin ìkọ́lé. N kò wá bú wọn. Nínú owó irin yẹn ni a ti san owó ilé ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tí ó jókòó síhìn-ín, ẹni tí ó bá sì ní kí a kó ilé iṣẹ́ kúrò ní Ọ̀tà, kí ó kọ́kọ́ sọ ibi tí a ó ti jẹun. Ṣùgbọ́n irin tí a yọ́ kì í wà lórí ilẹ̀ nìkan; díẹ̀ nínú rẹ̀ a di ooru, a gòkè, a tutù, a di lẹ́búlẹ́bú tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a lè to ogún rẹ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ìbú irun orí kan. Imú kò lè sẹ́ ẹ. Ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ní 1894, Henry Fenton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé pé bí a bá fi irin díẹ̀ sí hydrogen peroxide, agbára ìjóni rẹ̀ a di ìlọ́po. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ni ó dárúkọ ohun tí ń jáde níbẹ̀, hydroxyl, iná tí ó gbóná jù nínú gbogbo ìdílé yìí, tí ara kò tilẹ̀ ní panápaná kankan fún, nítorí kí a tó pè é ó ti jó ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ so ó pọ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti da hydrogen peroxide sílẹ̀ nínú àyà alásímà. Lẹ́búlẹ́bú irin wọlé láti ìta wá bá a. Ògún lákáayé, ọ̀ṣìn imọlẹ̀, tí ó ní omi sílé fẹ̀jẹ̀ wẹ̀, kò ní ṣaláì ṣe bí ó ti máa ń ṣe níbikíbi tí ó bá dé. Èyí ni mo ṣe ń sọ pé èéfín kọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ ogun nínú àyà ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa, ṣùgbọ́n òun ni ó ń kó ohun ìjà fún àwọn tí ń jà.

Ilé iṣẹ́ nìkan kọ́. Díísù tirela tí ó há ní abẹ́ afárá Sàngó wà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a gbé sí ẹnu fèrèsé wà níbẹ̀, èéfín igi ìdáná wà níbẹ̀, oògùn ẹ̀fọn tí a tàn sí ẹ̀gbẹ́ orí ọmọ wà níbẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku aṣálẹ̀ Chad tún wá bá wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 2021 sọ pé ìwọ̀n lẹ́búlẹ́bú afẹ́fẹ́ tí ó kéré jù yìí kò yẹ kí ó ju máíkírógíráàmù 5 lọ nínú mítà onígun-mẹ́ta kan, bí a bá pín in kárí ọdún. N kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn yìí nílò ẹ̀rọ kí ó tó mọ̀ pé a kò sí nítòsí ibẹ̀. Ẹni tí ó bá fi aṣọ funfun sá síta ní àwọn àdúgbò kan lówùúrọ̀ mọ àwọ̀ tí yóò ká a lọ́sàn-án.

Ó ku ohun kan tí ó bà mí lọ́kàn jẹ́ ju gbogbo èyí lọ. Oògùn wà tí í pe ẹ̀ṣọ́ padà, n ó dé orí rẹ̀ láìpẹ́. Ìwádìí lórí àwọn alásímà tí ń mu sìgá ti fi hàn pé oògùn yìí kì í ràn wọ́n lọ́wọ́ tó bí ó ti ń ran àwọn yòókù, àwọn onímọ̀ sì gbà pé ìdógùn-ún ara ni ó ń ba ohun tí oògùn náà fi ń pàṣẹ nínú sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Ìránṣẹ́ àlàáfíà dé, ó bá a pé wọ́n ti jó ilé tí ó yẹ kí ó ti ka ìwé rẹ̀. Tí a bá fi èyí wo ọmọ tí kò mu sìgá rí ṣùgbọ́n tí ilé bàbá rẹ̀ kọjú sí ẹnu ẹ̀rọ tí ń tú èéfín, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi ń sọ fún àwọn tí ó ni ilé iṣẹ́ àti àjọ NESREA tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2007 láti máa bójútó wọn pé ẹ̀rọ tí í sẹ́ èéfín kì í ṣe ọ̀ràn ẹwà ìlú.

Ìkarùn-ún: nítorí náà, kí ni a ó ṣe sí ẹ̀ṣọ́?

Àwọn kan ti ń mi orí, wọ́n ti rí ọ̀nà: bí ó bá jẹ́ ìdógùn-ún ni, ẹ jẹ́ kí a mu ohun tí í pa á. Àwọn tí ń polówó oògùn nínú mọ́tò Ìyánà Ìyẹsí ti ṣáájú yín dé ibẹ̀; fítámì àti àgbo tí í "fọ ara" kún inú báàgì wọn. Mo fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti fi fítámì C àti E dán an wò lára àwọn alásímà, èrè rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: ẹni tí ó ń bu omi sí ilé tí ń jó, tí ẹni tí ń dáná náà sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìṣáná, yóò bu omi títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ jẹ èso, ẹ jẹ ẹ̀fọ́, wọ́n dára. Ẹ má ṣe tìtorí wọn ju oògùn dokita nù.

Ọwọ́ ẹni tí ń dáná ni kí a dì mú. Níhìn-ín ni a sì ti ń fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ínhélà aláwọ̀ búlúù tí gbogbo wa mọ̀, tí salbutamol wà nínú rẹ̀, tí ó ti wà láti 1969, iṣan ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Fífún ni ó ń tú. Kò sọ nǹkan kan fún àwọn alárópupa. Wíwú wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀. Alásímà fín in, ó rí ìtura, ó gbàgbọ́ pé ara òun ti yá, ilé sì ń jó lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tí ó ṣí. Èmi náà gbé bẹ́ẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Èkejì ni èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ búráùn, tí ó ní oògùn sitẹ́rọ́ìdì díẹ̀ nínú. Òun ni ó ń lọ bá àwọn balógun, tí ó ń dá àrokò dúró, tí àwọn alárópupa fi ń kú láìsí arọ́pò. Kì í ṣí ìlẹ̀kùn lójú ẹsẹ̀, nítorí náà àwọn ènìyàn wa á lò ó lọ́jọ́ mẹ́ta, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́, wọ́n á fi fún aládùúgbò. Ọjọ́ pípẹ́ ni tirẹ̀, àárọ̀ àti alẹ́, bí oníṣègùn bá ti ní kí a lò ó. Ní 2019, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ikọ́ fée, GINA, là á mọ́lẹ̀ pé kí a má ṣe fi aláwọ̀ búlúù nìkan wo àgbàlagbà tàbí ọ̀dọ́ alásímà kankan mọ́, láìsí èyí tí í pe ẹ̀ṣọ́ padà pẹ̀lú rẹ̀. Búráùn wọ́n ju búlúù lọ, mo mọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tí ó jókòó sí ìlà iwájú yìí iye tí òru kan ní ọsibítù ń gbà.

Ó ṣẹ́ ku àwọn ọmọdé, tí kò mọ bí a ti í fa ínhélà, tí oògùn náà ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n wọn. Ike kan wà tí a ń tà fún èyí, ó wọ́n. Ní 1999, Heather Zar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cape Town fi hàn nínú ìwé ìròyìn Lancet pé ike omi lásán, tí ó gba ìdajì lítà, lè ṣe iṣẹ́ náà fún ọmọ tí ikọ́ fée gbé dé ọsibítù bí èyí tí a ń rà. Mo ti dá ihò sí ìdí ọ̀kan bí ẹnu ínhélà ti fẹ̀ mọ, mo sì ti lẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa kí afẹ́fẹ́ má baà sá. Òun ni ó wà lọ́wọ́ mi yìí. Ìdí ni a ń ki ínhélà bọ̀, ẹnu ìgò ni ọmọ ń fi sẹ́nu, a ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ á sì máa mí wọlé, á máa mí jáde, jẹ́jẹ́, ní ìgbà mélòó kan. Ẹ gbà á, ẹ wò ó, kí ìlà iwájú nà án sí ìlà ẹ̀yìn. Nígbà tí ó bá yí gbọ̀ngàn ká tí ó padà dé ọ̀dọ̀ mi, n ó gba ìbéèrè yín.